Ìborùn Tí Alágbàfọ̀ Kò Fọ̀

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró sọ bẹ́ẹ̀ fún alágbàfọ̀ tí ojú rẹ̀ kò gba àbàwọ́n? Ọkùnrin yìí máa ń fọ okùn tí ó ń sá aṣọ sí. Bí ọṣẹ bá bọ́ sílẹ̀, ó máa ń fọ ọṣẹ náà. Ìyàwó rẹ̀, tí ń bá a lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, a máa sọ pé bí òun bá kú, kí wọ́n tètè gbé òun sin kí ọkọ òun má baà rẹ òun sínú omi ọṣẹ. Àwọn méjèèjì á jọ fi rẹ́rìn-ín.

Ikú kì í dá ọjọ́. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ó ti mú obìnrin náà lọ. Àwọn ẹbí kò tíì kúrò nílé tí alágbàfọ̀ fi kó gbogbo aṣọ ìyàwó rẹ̀ jọ, pẹ̀lú aṣọ ìbora àti ìrọ̀rí, títí dé àkísà tí ó fi ń nu òógùn nídìí tábìlì ìlọṣọ. Ó fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn. Kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Nígbà tí ó wọ yàrá tí ó fi imú wá ìyàwó rẹ̀, òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́.

Ajá obìnrin náà ló kù. Ẹ-ní-sùúrù ni orúkọ rẹ̀. Nítorí àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn kì í gbẹ bọ̀rọ̀ ni ó ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ń fi ìbínú bọ̀, ìyàwó á kàn ké pe ajá rẹ̀, oníbàárà á sì rò pé òun ni wọ́n ń bẹ̀. Oyún ti wà nínú ajá náà nígbà tí obìnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló sì fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. "Ọkọ mi, ẹ bá mi tọ́jú Ẹ-ní-sùúrù. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀ kú."

Ajá bí mẹ́fà sábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Alágbàfọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ìyá ọmọ tuntun. Ó gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì rírọ̀ fún un. Ó gbé omi sí ìtòsí ẹnu rẹ̀ kí ó má baà fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ wá a, ó sì fi páálí dí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Títí débẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ní àsìkò tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà dé, ajá á gbé orí sókè, á wo ẹnu ọ̀nà. Kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe bí obìnrin náà bá ń bọ́ bàtà. Ojú rẹ̀ á tẹ̀lé nǹkan kan láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga obìnrin náà, á sì dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí alágbàfọ̀ wú. Nígbà tó yá, ẹ̀rù lọ, owú dé. Òun àti obìnrin yìí ti jọ sùn láti ìgbà èwe wọn, ajá ló wá ń bẹ̀ wò.

"Ibo lo wà? Èmi ò rí ẹ," ó sọ fún àga náà.

Lọ́jọ́ kan òjò ńlá rọ̀, ẹrẹ̀ ya wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí ajá jáde lọ tọ̀, alágbàfọ̀ bẹ àwọn ọmọ náà wò. Ẹrẹ̀, wàrà gbígbẹ, itọ́ ìyá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó po omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi ọṣẹ tí ó fi ń fọ aṣọ ọmọ ìkókó wẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nù wọ́n gbẹ. Ó kó àkísà tí wọ́n ń sùn lé sínú báàfù, ó tẹ́ aṣọ funfun tuntun. Òórùn wọn ń ta sánsán, inú rẹ̀ sì dùn.

Ajá wọlé. Ó fi imú kan ọmọ kan, ó fi kan èkejì, ó fà sẹ́yìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ rẹ̀ kiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn garawa omi, nínú agbọ̀n aṣọ, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ náà ń ké níwájú rẹ̀. Nígbà tí alágbàfọ̀ gbé ọ̀kan sí i lọ́mú, ó fi eyín hàn án. Ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àwọn àpò èédú, kò sì jáde mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti kú.

Alágbàfọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí ń ta oògùn ní òpópónà kejì. Obìnrin náà gbé wàrà àti òwú dání wá. Ó gbé ọmọ ajá kan símú.

"Bọ̀dá, kí lẹ fi wẹ̀ wọ́n?"

"Ọṣẹ ni. Ọṣẹ ọmọdé."

"Ẹ ti fọ ìyá wọn kúrò lára wọn. Imú lajá fi ń mọ ọmọ. Bí wọ́n ṣe wà yìí, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n lójú ẹ̀."

"Wọ́n dọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí yẹn lorúkọ wọn, Bọ̀dá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ṣé ìdí tí òun kò fi rí ìyàwó òun náà nìyẹn? Bóyá ojoojúmọ́ ló ń wọlé, tí kò gbọ́ òórùn ara rẹ̀ lára ọkọ rẹ̀, tí ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àlejò kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ọ̀nà náà dànù.

"Ẹ wá nǹkan tí òórùn ìyá wọn wà lára ẹ̀, ká fi ra wọ́n lára," àbúrò ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti fọ gbogbo ẹ̀."

Ó ti fọ gbogbo rẹ̀. Ó ń kán tótó lórí okùn. Obìnrin náà káwọ́ lérí.

Alágbàfọ̀ dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àwọn àpò èédú. Ajá kùn, ṣùgbọ́n kò gé e jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ kan lábẹ́ ikùn ajá, ó fà á jáde. Ìborùn ìyàwó rẹ̀ ni, èyí tí ó ti rò pé wọ́n dì mọ́ ọn lọ sí sàréè. Ajá ti jí i gbé láti ìgbà àìsàn, ó sì fi pamọ́ síbi tí ojú alágbàfọ̀ kò lè tó. Èédú ti kùn ún, wàrà ajá ti gbẹ mọ́ ọn. Ó gbé e símú. Lábẹ́ òórùn ajá, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, òógùn ọrùn rẹ̀ àti òróró irun rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Àbúrò náà gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ lè tọ́jú èyí pamọ́, Bọ̀dá. Èmi kọ́ ni màá dá yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká máa fi òwú kán wàrà sí wọn lẹ́nu. Bóyá ọ̀kan á yè é."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí àwọn ọmọ márùn-ún náà tí ẹnu wọn ń wá ọmú nínú afẹ́fẹ́. Ó rí ajá tí ń wo ìborùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ra wọ́n, kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ àti wàrà yóò fi jẹ òórùn ìyàwó òun tó kù nínú rẹ̀ tán.

Ó mú ọmọ àkọ́kọ́, ó fi ìborùn náà ra á láti orí dé ìrù. Ọmọ náà tọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó mú èkejì. Nígbà tó ra èyí tó kẹ́yìn tán, ó tẹ́ ìborùn náà sábẹ́ tábìlì, ó kó wọn lé e lórí. Ajá jáde. Ó gbóòórùn wọn títí, ahọ́n rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá wọn. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ọmú sílẹ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́ náà, alágbàfọ̀ kò fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti àga ìyàwó rẹ̀, ó ń retí. Oòrùn wọ̀. Ajá kò gbé orí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbájú mọ́. Ìrù kò lu ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, àti ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí alágbàfọ̀ tẹrí ba gbóòórùn ìborùn náà, ajá nìkan ló kù níbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà sanra, wọ́n ń fi eyín ya aṣọ oníbàárà. Inú rẹ̀ dùn sí wọn, ìbànújẹ́ rẹ̀ kò sì dín. Bí oníbàárà bá wá gba aṣọ nírọ̀lẹ́, yóò bá a lórí ìjókòó, irin ìlọṣọ ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ajá kọ sí ẹnu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ ló ń wo ẹnu ọ̀nà náà, tí ó ń fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀.