Àáró Bàbá Teodosio

"Ebè tí bàbá yẹn fín nìkan ló kú! Èyí témi fín ńkọ́? Wò ó, ó ń dán!" Basilia ń pariwo lójú oko, ó na ìka bí ẹni ń tọ́ka olè.

Eufrasia kọjá lára ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìdí ebè náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ewé pòtétò kan mú. Ewé náà ti pọ́n, ó ti ká kò, ó sì já sí i lọ́wọ́.

Ẹ má dá ajílẹ̀ olómi lẹ́bi o. Eufrasia fúnra rẹ̀ ló po ìgbẹ́ màálù àti eérú mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, tó dé e pa títí ó fi kan dáadáa. Òun náà ni gbogbo wọn bù fín lọ́jọ́ àáró, kálukú pẹ̀lú páǹpù tó gbé kọ́ ẹ̀yìn wá láti ilé. Ṣùgbọ́n oògùn apakoríko ni Bàbá Teodosio máa ń fi páǹpù tirẹ̀ fín, kò sì fọ̀ ọ́. Ebè tó wá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó mà ṣe o, pòtétò dúdú ìyá Eufrasia ni, irú èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo òkè Huancavelica. Ìyá ti kú, irúgbìn rẹ̀ náà sì ń kú lọ. Eufrasia ti fi omi wẹ ewé títí, pàbó ló já sí.

"Lọ bá a!" Basilia tún ké. "Àbí torí ó jẹ́ baba ìsàmì Nilda ọmọ rẹ ni ẹnu rẹ fi wọ?"

"Kí ni kí n wí? Àgbà tó fi ẹ̀yìn ríro gun òkè torí mi, kí n wá pè é ní ọ̀bàyéjẹ́?"

"Ó dáa, gbé e mì. Ṣebí òní lo máa san àáró tirẹ̀? Bá a fín oko ẹ̀ dáadáa o, onínúure!"

Eufrasia fò dìde. Oko bàbá. Páǹpù yẹn! Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó sáré. Bó ṣe ń sáré ló ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dójú ti àgbà.

Etí oko ló ti bá bàbá, ó jókòó, ó ń rún ewé koka tó fi ń lé àárẹ̀ lẹ́nu, páǹpù òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Nilda, o mà pẹ́ o! Ajílẹ̀ tó o bù fún mi, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti fín in tán."

"Bàbá, ẹ... ẹ fọ páǹpù yẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa koríko ojú ọ̀nà." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Wo ewé, bó ṣe ń dán."

Lóòótọ́ ló ń dán. Ti Eufrasia náà dán bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fín in. Ó ronú àtifi omi wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àfonífojì lọ́hùn-ún ni odò wà, oòrùn sì ti mú oògùn gbẹ mọ́ ewé. Ó na ọwọ́ sí bàbá láti fà á dìde.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ wo oko mi."

Bàbá gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ṣòkòtò, ó sì tẹ̀lé e, inú rẹ̀ ń dùn.

"Àbí pòtétò rẹ ti tanná ni?" ló ń bi í lẹ́yìn. "Ìyá Nilda, ó ti tanná?"