Ìwé Tó Pẹ́ Kó Tó Sọ̀rọ̀

Ọdún méjìdínlógójì ni ìyá àgbà fi tọ́jú ìwé ìròyìn kan sábẹ́ aṣọ ọkọ rẹ̀ nínú àpótí. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ tibẹ̀ sórí: oorun ló gbé òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru nílé iṣẹ́ ìhunṣọ lọ, ni ìkòkò fi bú, tó pa á. Ọkọ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ náà. Látìgbà náà, “ọmọ Olóorun” làwọn ará àdúgbò ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Kò jà sí i. Lọ́sẹ̀ tí ìkòkò náà bú, àbíkẹ́yìn wọn ń ṣàìsàn, ọkọ rẹ̀ ò sì fojú kan oorun nílé. Òun náà gbà pé ó sùn. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé, ta ló máa já a nírọ́?

Ọmọọmọ rẹ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ìjàǹbá ilé iṣẹ́ ló wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé náà.

“Ìyá àgbà, ọjọ́ kejì ìjàǹbá gan-an ni wọ́n gbé e jáde. Ta ni wọ́n ráyè bi léèrè?”

Ó bá mú un lọ sílé ìkàwé. Alábòójútó ibẹ̀, baba kan tó so awò ojú kọ́rùn, kó ìdì ìwé mẹ́ta sílẹ̀. Ó ní ìwé ò jọ ìwé. Ti ojoojúmọ́ kì í dúró jẹun tán; ohun tó bá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ló ń gbé sáré. Ìyá àgbà ní òun ní àbúrò kan bẹ́ẹ̀. Ti oṣooṣù kún fún àwòrán. Ìyá àgbà rí ara rẹ̀ níbẹ̀, gèlè àyálò lórí, ẹnu là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ojoojúmọ́ náà ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

“Ẹkún mi ni wọ́n tà,” ó ní.

Ẹ̀kẹta, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ni ín. Ọdún kejì ìjàǹbá ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọmọọmọ rọra kà á: irin tó yẹ kó máa tú ooru jáde ti dípẹtà, òṣìṣẹ́ náà ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n bá ọwọ́ rẹ̀ lórí irin tí wọ́n fi ń paná.

Ìyá àgbà ní, ta ló mọ̀ báwọn wọ̀nyí náà ò purọ́? Ọmọọmọ fi ìsàlẹ̀ ojú ìwé hàn án, níbi tí wọ́n to ẹ̀rí wọn sí. Ó ní àwọn onímọ̀ mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

“Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?”

“Wọ́n sọ ọ́, ìyá,” ni baba náà fèsì. “Àárín ara wọn ni wọ́n ti sọ ọ́.”

Ìyá àgbà gbọ́wọ́ lé ojú ìwé náà. “Ẹni tó sùn kì í di irin mú.”

Nígbà tó délé, ó gbé ẹ̀dà ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà lé aṣọ ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ má bínú. Ìwé tó yára ni mo gbà gbọ́.”

Ọmọọmọ ní kí àwọn sun ti àtijọ́. Ó kọ̀. Ó ní kí méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún pe ọmọ òun lọ́mọ Olóorun, kó wá wo ọjọ́ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.