Àwọn Ère Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí ní Róòmù

Ẹ̀gbọ́n mi, àlá tí mo lá dùn o! Èmi, Bísí àti Ṣadé, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mi ò rí mọ́ látìgbà tá a ti jáde ilé ìwé, la jọ ń fẹsẹ̀ rìn kiri Róòmù! Ère òkúta àwọn bàbá onírùngbọ̀n kún orí afárá, mo sì ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bísí ní, "Wèrè, òkúta lò ń kí!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Ẹ dúró dè mí o!"

Ère kan gbọ́wọ́ tútù lé mi lórí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ló kí wa." Inú mi dùn débi pé mo sunkún!

Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò rí Bísí, mi ò rí Ṣadé. Gbogbo ère yẹn ti kúnlẹ̀ yí mi ká, wọ́n ń bá mi pè wọ́n: "Bísí o! Ṣadé o!"

Mo bá jí, lórí ìkúnlẹ̀.