Ọmọ Ogun Iwájú Ayaba

Kò sí aṣọ tí Télọ̀ ò lè gé. Ẹ gbé èyí tó kù díẹ̀ káàtó fún un, á gé e, á rán an, á tún fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe àpò. Ṣùgbọ́n eré kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì ti wá sọ ọ́ di ọmọ jẹ́léósinmi, ọmọ ọkọ rẹ̀ ló sì fà á.

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà ládùúgbò, nítorí pé bó bá ti wo èèyàn láìsọ̀rọ̀, olúwa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ìyá rẹ̀ ti kú kí bàbá rẹ̀ tó fẹ́ Télọ̀. Ẹ má ṣi ọmọ náà mú o, kò rí Télọ̀ fín rí. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe tọ́. Àmọ́ kò pè é ní Mọ́mì, kò pè é ní Àǹtí, kò pè é ní nǹkan kan. Bó bá ń wá a, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ títí Télọ̀ á fi gbójú sókè. Ẹ gbà mí, kí èèyàn wà nínú ilé ara rẹ̀ kó má lórúkọ!

Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ilé ń rí i, ló sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lórí oúnjẹ.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ní òun fẹ́ mú un sọ́dọ̀. Mo ti ní kó rò ó. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ohun tó bá sọ náà la máa ṣe."

"Kí ló wá sọ?"

"Ṣé o ò mọ Adájọ́ ni? Ó ní òun ti gbọ́."

Télọ̀ ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ kí ọmọ náà dúró. Kì í ṣe nítorí ẹnu ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ayé ò ṣeé dí. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ ni, ó sì ń tì í lójú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò pè é ní nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ni Adájọ́ ń jókòó tì pẹ́ nínú ilé náà, ìyẹn pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó ti ń bá ara rẹ̀ ta ayò. Télọ̀ ní bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ wà, ibẹ̀ lòun náà ń lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Sẹ́kọ́ńdì lọ, bàbá tó ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ ayò rẹ̀.

"Ojú ni kó o fi kọ́ ọ, ìyàwó," ni bàbá wí. "Ọ̀nà kan wà tí àwọn àgbà ayò ti ń gbà bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ti ọmọ ogun iwájú ayaba síwájú, ilé méjì. Bí ẹnìkejì bá ti tirẹ̀ wá pàdé ẹ, ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, lápá ibi tó jìnnà sí ọba. Gbé e síbi tí ọ̀tá ti lè jẹ ẹ́."

"Kó jẹ ẹ́ kẹ̀? Ọmọ ogun mi?"

"Ìjẹ ni. Bó bá gbé e mì, wàá rí i gbà padà."

"Bí kò bá gbé e mì ńkọ́, Bàbá?"

"Àwọn tó gbọ́n kì í sábà gbé e mì."

"Tó bá jẹ́ pé àwọn tó gbọ́n kì í gbé e mì, kí la wá ń fún wọn sí?"

Bàbá Sẹ́kọ́ńdì yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé èmi ni mò ń kọ́ ẹ ni, àbí ìwọ lò ń kọ́ mi?"

Télọ̀ tọrọ àforíjì. Nínú gbogbo ohun tí bàbá sọ, ẹyọ kan ló wọ̀ ọ́ létí dáadáa, pé ilé tó bá àwọ̀ ayaba mu ni ayaba ń jókòó sí: ayaba funfun, ilé funfun, ayaba dúdú, ilé dúdú. Ìyẹn yé e. Ta ni ò mọ̀ pé ó yẹ kí aṣọ bá aṣọ mu?

Nígbà tó délé, ó ṣa àjákù sátíìnì dúdú àti funfun jọ, ó gé wọn ní ilé ní ilé, ó rán wọn pọ̀, ó sì fi òwú pupa gba etí ibi tí ẹni funfun máa jókòó sí. Ó rẹwà débi pé àánú rẹ̀ ń ṣe é láti lò ó. Gbogbo télọ̀ ló sì mọ̀ pé a kì í fi ṣọ́ọ̀kì kọ ojú aṣọ, inú rẹ̀ la ń fàmì sí. Ó bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó to bọ́tìnnì lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fa ọ̀nà tí oníkálukú máa gbà. Nígbàkigbà tí oníbàárà ò bá sí, á tì í síwájú, á tì í sẹ́yìn, á nù ún, á tún un fà. Obìnrin kan wá gba búláòsì rẹ̀, ó bá bọ́tìnnì mẹ́rin lójú ogun.

Ilé-ìwé gba ìsinmi. Ọkọ rẹ̀ ní òun máa pè nírọ̀lẹ́ láti gbọ́ ohun tí ọmọ bá sọ. Bí oòrùn ṣe ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Télọ̀ tẹ́ aṣọ ayò náà síwájú Adájọ́, ojú rẹ̀ lókè, ó ń dán yinrin.

"Ṣé o lè bá mi ta ọ̀kan?"

Adájọ́ fọwọ́ pa sátíìnì náà. Kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó lọ kó ọmọ ayò rẹ̀ wá, ó sì to dúdú fún ara rẹ̀.

Ọwọ́ Télọ̀ gbé ayaba lọ síbi tó máa ń gbé e lọ, àfi bí ilé náà ṣe dúdú kirikiri. Ó gbé ayaba kúrò síbi funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ọba wá bọ́ sí ipò ayaba, gbogbo ọ̀nà tó ti kọ́ sì dojú rú mọ́ ọn lórí. Ọwọ́ ní ibí ni, ọ̀rọ̀ Bàbá Sẹ́kọ́ńdì ní ọ̀hún ni. Nígbà tó yá, ó gba ti ọwọ́ gbọ́, torí pé ọwọ́ ló ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Ó dá ayaba padà sí ilé dúdú, ó ti ọmọ ogun iwájú rẹ̀. Adájọ́ ti tirẹ̀ pàdé e. Télọ̀ ti ìjẹ.

Adájọ́ wo ìjẹ náà títí. Ẹ̀rù ń ba Télọ̀ pé ó máa jẹ ẹ́, ẹ̀rù tún ń bà á pé kò ní jẹ ẹ́. Kò mọ èwo gan-an lòun ń fẹ́ nínú méjèèjì.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá Sẹ́kọ́ńdì ni."

"Bàbá Sẹ́kọ́ńdì ò lè kọ́ èèyàn báyìí. Ọba yín ló jókòó sí ilé ayaba. Gbogbo ẹ̀ ló lòdì."

"Èmi náà rí i pé ilé tí ayaba jókòó sí dúdú. Funfun ni lánàá."

"Lánàá kẹ̀? Ṣé ilé máa ń pàwọ̀ dà ni?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, funfun ni lánàá!" Omi ti fẹ́ dé ojú Télọ̀.

Adájọ́ fajú ro. Ó fìka tọ ojú rírán aṣọ náà, ó gbé etí rẹ̀ sókè, gbogbo ọmọ ogun dà sílẹ̀ gbàrà. Ó yí i padà. Ṣọ́ọ̀kì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ọ̀nà lórí ọ̀nà, ibi tí wọ́n nù, ibi tí wọ́n tún fà, títí ilé dúdú fi di eléérú. Ó wo ojú aṣọ, ó wo inú rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ti ń kọ́ ọ. Ọ̀tún ti di òsì."

"Kí ṣọ́ọ̀kì má baà ba ojú ẹ̀ jẹ́ ni. Bá a ṣe ń ṣe aṣọ nìyẹn. Tó o bá ti yí i padà láti wọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ á bọ́ síbi tó yẹ." Àfìgbà tó sọ ọ́ tán ló rántí pé kò sẹ́ni tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀sì.

"Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?"

Télọ̀ ti pèsè èsì kalẹ̀ fún ìbéèrè yìí, pé eré náà ń mú ọpọlọ jí pépé. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Mi ò fẹ́ kó o lọ."

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ò mọ̀ bóyá ńṣe ló ń kó wọn nílẹ̀ tàbí ó fẹ́ tún wọn tò, kò sì láyà láti béèrè. Ibi tó ti ń ronú ni fóònù ti dún, Adájọ́ sì gbé e.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Dádì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rò ó." Ó ń yí ọmọ ayò kan, ẹṣin funfun, lọ́wọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì pé wọ́n ṣeun, mi ò ní lè wá. Rárá o, kò sí nǹkan kan. Èmi àti Àǹtí la jọ ń ta ayò."

Télọ̀ yára yíjú wo ẹnu ọ̀nà, kó lè mọ Àǹtí tó wọlé láìjẹ́ pé òun gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀.