Orin Jámánì Tó Ń Fà bí Ilá

Màámi, ẹ gbé ọbẹ̀ ilá yẹn kúrò níwájú mi ná, ó ń rí mi lára. Lójú àlá tí mo lá lánàá, mò ń kọ orin Jámánì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà orin wa ń tẹ dùùrù sí i. Ibi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òru ni mo ti kọsẹ̀, mo pè é ní "nákítì". Tíṣà jágbe mọ́ mi: "Nacht ni! Ha ọ̀fun rẹ bí ẹni fẹ́ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀!" Mo ha á. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ́ pàá sórí dùùrù, ó ń fà mọ́ tíṣà níka bí ọbẹ̀ ilá, ó ṣáà ń tẹ dùùrù lọ. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ni tíṣà bá fọwọ́ kó gbogbo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, ó nà án sí mi: "Gbé e mì, òru ṣì wà ní ẹsẹ kejì." Ni mo bá jí. Ẹnu mi kún.