Ọmọ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ ní Stojan

4.

…tí ọ̀la sì jẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ọmọkùnrin náà ò tíì lórúkọ. "Ọmọ Morọ́láyọ̀" ni wọ́n kọ sí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Inú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ tuntun móoru ló wà. Akọ́ládé, bàbá rẹ̀, ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe kékeré.

4, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọmọ wọn tó ti lọ:

   Iyìolúwa.
   Ìbùkún.

Orúkọ àmúyangàn ni méjèèjì. Kí ló wá ṣe fún wọn?

5.

MORỌ́LÁYỌ̀, SÍ ỌKỌ RẸ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tí a sọ dà?

6.

PÁSÍTỌ̀ JEREMIAH: Bro Akọ́ládé, a ò ní sọ ọ́ ní Dúrójayé tí ẹ wí yẹn o! Orúkọ àbíkú ni. Ẹ̀mí tí ẹ bá pè, á dáhùn.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí ọmọ mẹ́rin ń sáré kiri pálọ̀ rẹ̀.

7.

Damastown lókè òkun, ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Àkókò ìsinmi láti mu tíì. Ará Serbia ni ẹnìkejì Akọ́ládé lẹ́nu iṣẹ́.

STOJAN: Ọmọ méjì kú ṣáájú mi. Bàbá àgbà ní kí wọ́n sọ mí ní Stojan.
AKỌ́LÁDÉ: Kí ló túmọ̀ sí?
STOJAN: Ẹni tó dúró.
AKỌ́LÁDÉ: Yéè! Ẹ̀yin náà?
STOJAN: Ta ni ò ní ṣe é? Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

8.

Ní ibùdókọ̀, Akọ́ládé wá orúkọ náà lórí fóònù. Stojan, olóṣèlú. Stojan, òpìtàn. Stojan, agbábọ́ọ̀lù. Àwọn abúlé tí wọ́n fa orúkọ wọn yọ lára rẹ̀. Akọ́ládé ò ka iṣẹ́ wọn sí. Gbogbo wọn ló dàgbà. Ó bú sẹ́kún.

8½.

(Ẹni tó dàgbà nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ó mọ̀. Kò fẹ́ mọ̀.)

9.

— Orúkọ òyìnbó ni, Pásítọ̀ sà. Stojan.
— Ògo fún Ọlọ́run! Ìyẹn dára.

11.

Ọjọ́ kẹjọ. Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí àpótí náà. Kò sí oyin, kò sí iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ò gbà. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè.

PÁSÍTỌ̀: Kí ni ìtumọ̀ Stojan yìí?

Akọ́ládé gbàgbé pé wọ́n á bèèrè! Yorùbá wo ló ń sọmọ lórúkọ tí kì í bèèrè ìtumọ̀?

AKỌ́LÁDÉ: Ẹni tó dúró, sà.
PÁSÍTỌ̀: (ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀) Dúrójayé náà nìyẹn.



Morọ́láyọ̀ sún mọ́ ihò ara gíláàsì náà.

MORỌ́LÁYỌ̀: Ọkọ mi, ẹ tún orúkọ náà pè. Ọmọ ò tíì gbọ́.