Ohun Tó Rò Kó Tó Gbà Á

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin tí sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan bí ò fi dé ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń sáré lọ ṣí i. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, yàrá kan ṣoṣo ló ń dá gbé. Ó fún ọmọ ní àga, òun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ gbé fóònù sáàárín wọn láti gba ohùn sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe ní yunifásítì ni, sà. Kí ni ọlọ́pàá máa ń rò kó tó gba rìbá? Ogún ni mo ti bi. Gbogbo wọn ló ní àwọn ò gbà rí."

'Sà' yẹn dun bàbá ju ìbéèrè lọ, àmọ́ ó gbé e mì.

"Èmi gbà. Awakọ̀ kan mutí yó, ó gbá télọ̀ kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kán. Ẹni tó ni ọkọ̀ ki àpòòwé bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé bíréèkì ni kò mú. Mo rò ó dáadáa. Ta ló máa mú mi? Ọ̀gá mi gan-an ń gbà. Bí mo bá kọ̀, ẹlòmíì á gbà á, wọ́n á sì máa fojú ọ̀tá wò mí. Èrè pọ̀, ewu ò tó nǹkan. Mo bá kọ ọ́."

"Télọ̀ náà ńkọ́?"

"Mi ò ro tiẹ̀ mọ́ ọn."

"Torí ẹ̀ ni màmá ṣe kó jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tọ́jọ́ yẹn bá tún padà wá ńkọ́?"

Bàbá mọ èsì tó lè mú kí ọmọ máa wá sílé. Ó ti la ẹnu láti pa irọ́ náà, ó tún wo ojú ọmọ.

"Bí kò bá sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi, màá tún kọ ọ́."

Ọmọ pa fóònù. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì sọ òótọ́ fóun bẹ́ẹ̀. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun. Ọmọ ní ọkọ̀ á fi òun sílẹ̀.

Bàbá dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó títí ó fi wọkọ̀. Ọmọ ò wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ iléèwé ń darí bọ̀, ariwo gba gbogbo àdúgbò, oníkálùkù ń ké pe ará ilé rẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn. Bàbá ṣì dúró síbẹ̀ títí gbogbo wọn fi wọlé tán.